Fáìlì Tí Bàbá Mi Tì Pa

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀. Màmá mi ti gbé aṣọ tó rán lọ fún oníbàárà. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dákẹ́ ní igun yàrá, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan jókòó tì í, tó ń wò mí.

Fáìlì sípù kan ṣoṣo ló wà níwájú mi. Sípù ni ká fún fáìlì pọ̀ bí ẹni ki aṣọ sínú àpò, ká wá fi páásíwọ́ọ̀dù tì í. Ohùn bàbá mi ló wà nínú èyí. Orí àìsàn tó pa á ló ti gbà á sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún màmá mi pé ọjọ́ tí mo bá ṣe ìdánwò àṣejáde tán ni kí ó ṣí i fún mi. Ó ku oṣù mẹ́ta.

Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa, irú fáìlì bẹ́ẹ̀ la fi ń dánra wò. Olùkọ́ á tì í, á fi ìdọ̀tí, ìyẹn àwọn àmì tí kò wúlò, lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Àwa á gé ìdọ̀tí náà kúrò, a ó wá ohun tó fi pamọ́ jáde. Ọwọ́ mi yá débi pé Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí. Òfin kan ni olùkọ́ kì í jẹ́ ká gbàgbé: "Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ojúlówó kò ní ìkejì."

Ọ̀rẹ́ mi tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu, tí mo sọ̀rọ̀ fáìlì bàbá mi fún, ló koná mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ tí kò lè ṣílẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀. Fáìlì ìṣeré nìkan lo mọ̀ ọ́n ṣí." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ màmá mi lọ.

Mo lo gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú àkójọ ẹgbẹ́ wa, kò ṣí. Dípò kí n gbà pé n kò mọ̀ ọ́n, mo ní fáìlì ló bàjẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni ti ilé ìwé máa ń rí. Mo rí àwọn àmì kan ní ìdí rẹ̀ tí kò yé mi. Mo ní ìdọ̀tí nìyẹn. Mo gé e, mo fi pamọ́, kò ṣí. Mo tún gé, mo tún fi pamọ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà sọ pé òun kò rí nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́ ni mo rántí pé n kò ṣe ẹ̀dà.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún màmá mi. Bí màmá mi bá ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí mi sí kí n gbọ́ ohùn bàbá mi, "Àmín" á há mi lẹ́nu. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á ṣe mí bíi pé bàbá mi ló wá bèèrè ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Màmá mi kò lù mí. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Páásíwọ́ọ̀dù tí ò ń wá kiri, oríkì tí bàbá rẹ fi ń jí ọ láàárọ̀ ni. Ẹnu mi ló wà látọjọ́ yìí. Ṣé oṣù mẹ́ta ni kò ní í dé mọ́?"

Olùkọ́ wa, tí mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá, jókòó ti fáìlì náà ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ó fi oríkì náà ṣí ohun tó kù. Ó ní mo ti gé kọjá ìdí, mo ti gé dé ara ohùn. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, Ẹlẹ́nu tó tẹ̀ lé mi wá sún mọ́ ọn, ohùn bàbá mi sì jáde:

"Ọmọ mi, arẹwà tó dé tí ilé kún, ọmọ tí mo rí tí mo gbàgbé ìrora. Níbikíbi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ láyé, mo bẹ Ọlọ́run pé kí..."

Ó parí síbẹ̀.

Mo yege ìdánwò náà. Iṣẹ́ mi lónìí ni kí n máa dáàbò bo fáìlì àwọn ilé iṣẹ́, n kì í sì í fọwọ́ kan ohunkóhun láìṣe ẹ̀dà, láìgbàyè. Ẹ̀yin àbúrò mi, pé a mọ nǹkan án ṣí kò sọ pé wọ́n ní ká ṣí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Abéèrè kì í sì í ṣìnà.

Láràárọ̀, màmá mi ṣì ń gbàdúrà fún mi: kí ọ̀nà mi là, kí ẹsẹ̀ mi má kọ, kí n pẹ́ láyé. Mo máa ń fetí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá èyí ni bàbá mi fẹ́ sọ.