Ìdọ̀bálẹ̀ Tádé Lórí Pápá Magpies

Ọjọ́ tí Dóyin kọ́kọ́ rí Tádé, ẹ̀jẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ń nù nímú.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú oṣù September 2021, létí pápá Nose Creek College ní Calgary. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu ẹgbẹ́ Magpies bí ẹni lu bàrà ni. Ẹ má rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa ni mò ń wí o. Èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré ni, tí àwọn géńdé ń fi akoto kan ara wọn bí àgbò.

Dóyin ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn ní college náà, òun ni wọ́n sì gbà pé kó máa kọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn sórí website, láti sáà dé sáà. Ó rí orúkọ Olújìmí lẹ́yìn aṣọ nọ́ńbà 34, inú rẹ̀ dùn, ó sún mọ́ ọn.

"Pẹ̀lẹ́ o. Mo fẹ́ kọ nǹkan nípa eré òní. Kí ni kí n kọ nípa tìẹ?"

Ọmọkùnrin náà dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó fi tíṣù di imú. "Abeg, kọ pé mi ò wá."

"Mi ò lè kọ irọ́. Mo rí i tó o ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́fà, tó o sì dìde lẹ́ẹ̀meje."

"Báwo lẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́fà ṣe máa dìde lẹ́ẹ̀meje?"

"Ìkeje lèyí tó o dìde nígbà tó o rí mi yìí."

Tádé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ imú tún bẹ̀rẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn.

Sáà yẹn, Magpies ò borí ẹnikẹ́ni. Ní 2022, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mejì, ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn sì wálẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn eré, Tádé á mú Dóyin wọ train lọ sí Whitehorn, sílé ìyá rẹ̀. Suliat lorúkọ ìyá náà. Daycare ló ti ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Bó bá ti rí Dóyin lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ìyàwó mi, òtútù ti pa ọ́. Wọlé wá jẹun." Bí ìyá ọkọ bá pè ọ́ ní ìyàwó kí ọmọ rẹ̀ tó ra òrùka, kí lo tún ń wá?

Ní 2023, Magpies dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ọdún yẹn náà ni Dóyin sọ ọ̀rọ̀ Tádé fún bàbá rẹ̀.

Ẹnjiníà Oyèwálé ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo kan ní downtown, ó sì nílé ní Skyview Ranch. Èèyàn gidi ni, ṣùgbọ́n ó gbà pé iṣẹ́ mẹ́ta péré ni Ọlọ́run dá fún ọkọ ọmọ òun: dókítà, ẹnjiníà, àti ẹnjiníà.

"Kí lọmọ náà ń kọ́?"

"Kinesiology, Daddy. Ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń rìn, bó ṣe ń sáré."

"Ẹ̀kọ́ nípa ìrìn? Ta ni ò mọ̀ ọ́n rìn tẹ́lẹ̀?" Bàbá gbé ife tíì kalẹ̀. "Ọmọ tó ń fi orí kan orí kiri. Tó bá fi máa pé ogójì ọdún, ṣé ó ṣì máa rántí orúkọ rẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kó kàn wá kí yín."

"Kó má wá."

Ọ̀rọ̀ náà dun Tádé dé egungun. "Dóyin mi," ló wí, "kí n kí wọn nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Ṣé ìkíni náà ti wọ́n báyìí ni?"

Inú ń bí Dóyin sí bàbá rẹ̀, ojú sì ń tì í.

Nígbà tó di November 2024, Magpies dé àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́, lórí pápá tiwọn. Ìyá Dóyin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Seton, fárígá mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ̀ ń kórìíra ọmọ tẹ́ ò rí rí. Ẹ lọ fojú ara yín rí i." Bàbá ráhùn títí, ó wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó tẹ̀lé Dóyin lọ. Ìdí fẹ́ǹsì tó wà ní òpin pápá ni wọ́n dúró sí. Òyìnbó kan tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ bàbá ní ọ́fíìsì náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Eré kù díẹ̀ kó parí, Magpies ṣì wà lẹ́yìn. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Tádé. Ó gbá a mọ́yà, ó yẹ fún ọ̀kan, ó já mọ́ èkejì lọ́wọ́, ó sáré wọ ibi tí wọ́n ti ń gba máàkì, eré náà sì gbé e dé ìdí fẹ́ǹsì. Pápá hó yèè, Magpies ti bọ́ síwájú! Tádé gbójú sókè, ojú òun àti bàbá Dóyin sì ṣe mẹ́rin. Ó ti mọ̀ wọ́n nínú fọ́tò.

Kí lọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń ṣe bó bá rí bàbá ọmọ tó fẹ́ fẹ́? Tádé ò rò ó. Ó gbé bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú snow, àyà kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà!"

Rẹfirí fọn fèrè, ó ju aṣọ aláwọ̀ ọsàn sílẹ̀, àmì pé ẹnìkan ṣẹ̀ sófin nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lọmọ ṣẹ̀? Wọ́n ní ayẹyẹ àṣejù ni. Wọ́n ní òfin ò gbà kí ẹni tó gba máàkì na ara rẹ̀ sílẹ̀, kó fi alátakò ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́! Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń fi àyà lé yìnyín ṣe yẹ̀yẹ́? Wọ́n gba yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ Magpies, àwọn àlejò fi ìyẹn rí àyè sún mọ́lé, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó kọjá, wọ́n sì fi máàkì kan péré gba ife lọ.

Ìyẹn kọ́ ló dun Dóyin jù. Nígbà tí Tádé ṣì wà nílẹ̀, òyìnbó ẹlẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó bi í pé, "Do you know that guy?"

Gbogbo ojú wà lára wọn. Bàbá fa fìlà wálẹ̀.

"No," ló wí. "I don't know him."

Tádé gbọ́ ọ. Dóyin náà gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá ọ́fíìsì eré ìdárayá pe Dóyin, ó sọ ohun tó máa kọ fún un: ní sáà 2024, Magpies pàdánù ife nítorí ayẹyẹ àṣejù nọ́ńbà 34.

Dóyin ṣàlàyé títí ẹnu fi bó o. "He was greeting my father! That's how we greet!"

"Rules are rules, Doyin."

"Then find somebody else to write it." Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde.

Ó wọ train lọ tààrà sí Whitehorn. Tádé wà lórí àga, kò tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì.

"Mi ò bínú torí ife," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo wà nílẹ̀, Dóyin, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ."

"Olólùfẹ́ mi, bàbá mi ló sọ ọ́. Èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, God knows. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ọ, ta ni kí n máa kí? Mi ò lè máa wọ ilé ẹni tí ò mọ̀ mí." Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Jẹ́ ká fi í sílẹ̀ báyìí."

Suliat ò pe Dóyin ní ìyàwó lọ́jọ́ náà. "Máa lọ sílé, Dóyin," ló wí. Ìyẹn gún un lọ́kàn ju ọ̀rọ̀ Tádé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá jókòó sí pálọ̀, ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí òun bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Dóyin kọjá lọ sí kíṣínì.

"Dóyin! O ò rí mi ni?"

"Mo rí yín, Daddy. Ṣùgbọ́n ẹni tó kí yín kẹ́yìn, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá gbaná jẹ. Ó pariwo, ó halẹ̀, ó ní ọmọ òun ti di òyìnbó. Ìyá bẹ Dóyin títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ń se oúnjẹ fún wọn, ó ń fọ abọ́, bí wọ́n bá bi í ní ọ̀rọ̀ ó ń dáhùn. Ìkúnlẹ̀ nìkan ni kò sí. Ọmọ Yorùbá tí ò kí bàbá rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe ń rí nínú ilé. Kérésì dé, ó kọjá. Nígbà tó yá, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jí jáde kí ọmọ tó jí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró dè é.

"Ojú ló tì mí," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ọ́fíìsì yẹn ni mo ti ń sapá kí wọ́n má bàa wò mí bí àjèjì. Mo rí ọmọ náà nílẹ̀, mo rí ara mi lọ́jọ́ tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyá rẹ ní Ìkirè. Ẹnu mi sì sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n."

"Daddy, èmi kọ́ lẹ máa sọ èyí fún."

Bàbá dé fìlà. Ó kọ́kọ́ lọ sí college, ó sọ fún kóòṣì àti ọ̀gá ọ́fíìsì pé òun lọmọ náà kí, pé òun purọ́. Wọ́n fún un ní kọfí, wọ́n ní ohun tí rẹfirí kọ ni wọ́n máa tẹ̀ lé. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn kọ ìtàn sáà yẹn. Ẹ lọ wò ó lórí website wọn, ọ̀rọ̀ ayẹyẹ àṣejù náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Láti ibẹ̀ ló gba Whitehorn lọ. Suliat dínà mọ́ ọn lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ mọ ọmọ tẹ́ ẹ wá wò?"

"Màmá, ẹ má bínú. Gbangba ni mo ti sẹ́ ẹ, gbangba ni mo sì fẹ́ ti tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tọrọ ọmọ mi."

Tádé wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní alẹ́, ó pe Dóyin lórí fóònù. "Dóyin mi," ló wí, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Nínú June 2025, àwọn ẹbí pàdé nílé Oyèwálé fún ìtọrọ. Àwọn Magpies wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n wọ súùtù, èjìká wọn kún pálọ̀. Òyìnbó ọ́fíìsì náà wà níbẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ ló pè é. Alága ìdúró pàṣẹ pé, "Ọkọ ìyàwó, ó yá, ìdọ̀bálẹ̀!"

Tádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá dìde, ó di èjìká rẹ̀ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Ọmọ yìí ti kí mi. Èmi ni mi ò tíì dáhùn."

Bàbá kọjú sí òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "You asked me a question at that game. I know him. He is my son." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Tádé. "Pẹ̀lẹ́ o, Tádé. O káre. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Suliat bú sẹ́kún. Dóyin ti dìde níbi tó jókòó sí, ó rìn gba àárín àwọn géńdé wọ̀nyẹn kọjá, ó sì kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀.