Wọ́n Sin Lọ́yà Mùíbì Nínú Sinimá

“Ìyàwó, bọ́ yẹtí yẹn. Opó kì í wọ yẹtí.”

“Bùrọ̀dá Wahab, ọkọ mi ò kú. Eré ni wọ́n ń ṣe.”

“Eré? Ìwọ náà ò rí i ni? Wọ́n gbé e sínú kòtò, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ta ní í fi ara rẹ̀ sínú sàréè ṣeré?”

Wahab ni àbúrò Lọ́yà Mùíbì, ọ̀lẹ tó ń jẹun ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ágége, tó sì ń wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Sìlífátù, ìyàwó náà, jókòó sórí ẹní, kò sunkún. Òjò ti ṣú, àwọn àgbà ẹbí sì ti pé sí pálọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á fa òun àti ilé lé Wahab lọ́wọ́.

Lọ́yà fúnra rẹ̀ jẹ̀bi díẹ̀. Ẹbí ta oko obì kó tó lè kàwé nílùú òyìnbó. Ó dé, ó ń rojọ́ ní kóòtù Ìkẹjà, ó ń jàre. Ni òyìnbó kan tó ń ya sinimá bá gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kóòtù, Lọ́yà sì so ẹ̀wù dúdú kọ́, ó bá a lọ ṣeré ní Jọ́ọ̀sì. Inú bí ẹbí. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀dùn irú oko yẹn kì í tán nínú ẹni.

Nígbà tí mọ́tò sinimá ìjọba dé pápá ẹ̀gbẹ́ rélùwéè, Lọ́yà ni wọ́n rí lára aṣọ funfun tí wọ́n ta: ó ṣàìsàn, ó kú, wọ́n sin ín. Àwọn obìnrin figbe ta. Wahab ló ké jù, bẹ́ẹ̀ Lọ́yà ti sọ fún un kó tó wọ rélùwéè pé, “Màá kú nínú eré náà o. Bí wọ́n bá gbé e dé kí n tó dé, fi ọkàn ìyàwó mi balẹ̀.” Lẹ́yìn sinimá náà, ọ̀dàlẹ̀ yìí lọ fara pa mọ́ sí Ọ̀tà fún ọjọ́ mélòó kan, ó padà wá, ó ní Jọ́ọ̀sì lòun ti ń bọ̀, pé eré ọ̀hún ti di òótọ́, Lọ́yà ti kú.

“O lè fi Kùránì búra?” Bàbá Dàwódù, olórí ẹbí, ló bi í.

“Bàbá, èmi fúnra mi ni mo kírun sí i lára.”

Ó gbé ọwọ́ lé Kùránì. Ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Ẹ sá fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. “Salámù alékùn o, ará ilé.”

Ohùn Lọ́yà ni. Àwọn àgbà wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wahab fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

“Ẹ má ṣí i! Àkúdàáyà ni!”

Sìlífátù dìde. “Àkúdàáyà kì í dúró de ará ilé rẹ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀. Bó bá rí mi tó pòórá, mo gbà, màá ṣe ìyàwó yín.”

“Bó o bá fọwọ́ kàn án, wàá bá a lọ.”

“Mo ti bá a lọ tipẹ́.”

Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin tó gbé báàgì dání wò ó, kò pòórá. Sìlífátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná.

“Ṣé oúnjẹ wà nílé?” ni Lọ́yà wí. Lẹ́yìn náà ló rí Kùránì àti àwọn àgbà tó ń yọjú, ó sì ní kí wọ́n ṣàlàyé. Wọ́n ṣàlàyé. Ó bá Wahab sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe ń bá ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ ní kóòtù.

“Àbúrò mi, ìwọ lo kírun sí mi lára?”

Wahab bojú wo ilẹ̀kùn.

“Ta ló wẹ̀ mí? Ta ló dúró níwájú yín?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi.”

“Èmi ti dárí jì ọ́,” ni Lọ́yà wí.

“Àwa ò tíì dárí jì í,” Bàbá Dàwódù dáhùn. “Wahab, o sin ẹ̀gbọ́n rẹ láàyè. Àwa náà ti sin ọ́. Jáde.”

Ó jáde sínú òjò. Títí di òní, bó bá kí ẹnìkan nínú ẹbí náà lójú pópó Agége, onítọ̀hún á kọjá lọ. A kì í dá òkú lóhùn.