Páànù Tí Fádáre Yọ Ìṣó Rẹ̀

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má jù ú nù. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ Fádáre.

Àgbẹ̀ kòkó ni. Oko rẹ̀ wà ní Ajue, ṣùgbọ́n Ore ló kọ́ ilé sí, ilé tó wu ojú. Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè, àmọ́ kò mọ Jésù rárá. Ọdún tó fi ilé náà sábẹ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní inṣọ́ránsì, ni ìgbéraga rẹ̀ kọjá ààlà. Opó kan wà ní òdìkejì títì, Màmá Jésùtọ́pẹ́, aránṣọ tó ń lọ sí ìjọ Aládùúrà. Bí ìyá yìí bá ń gbàdúrà nítorí ìjì, ẹ̀rín ni Fádáre yóò bú sí.

"Màmá, ẹ sinmi ariwo jàre. Bí ìjì bá ṣí òrùlé mi lónìí, inṣọ́ránsì á bá mi kàn án padà. Kí ni mo fẹ́ máa yọ Ọlọ́run lẹ́nu sí?"

Ẹ gbọ́ ẹnu o!

O mọ bí òjò ṣe ń dààmú àgbẹ̀ kòkó lọ́dọ̀ wa. Kòkó tí kò bá rí oòrùn yóò bu. Fádáre wá yọ gbogbo ìṣó páànù tó wà lórí yàrá ẹ̀yìn, ibi tó ń sá kòkó sí. Láàárọ̀, yóò gbé páànù kúrò kí oòrùn lè wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò gbé e padà, yóò sì fi táyà àlòkù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Elisha káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun kàn án. Kò gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Fádáre ti gbé páànù padà, ojú ọ̀run ṣú. Ó ti lọ sí gáréèjì, ó ń mutí. Lydia, ìyàwó rẹ̀, pè é lórí fóònù.

"Bàbá Lọ́pẹ́, ìjì ń bọ̀ o! Ẹ jẹ́ kí n pe Elisha kó wá kan páànù yẹn."

"Fi í sílẹ̀. Ṣebí a ní inṣọ́ránsì."

Ìjì dé. Atẹ́gùn gba abẹ́ páànù tí kò ní ìṣó yẹn wọlé, ó sì ká gbogbo òrùlé ilé náà kúrò. Páànù kan fò kọjá títì, ó gé Màmá Jésùtọ́pẹ́ lápá níbi tó ti ń kó aṣọ tó sá. Ní ọsibítù, wọ́n ní iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti já, pé bóyá ni yóò tún lè ránṣọ.

Gbogbo àdúgbò ní iṣẹ́ ìjì ni. Fádáre náà ní iṣẹ́ ìjì ni. Àmọ́ nígbà tí ìyá náà ti ọsibítù dé, tó rí i pé òjò ń pa Fádáre àti Lydia, ilé rẹ̀ ló ní kí tọkọtaya náà wá máa sùn. Ọwọ́ òsì ló fi ń bu oúnjẹ fún Fádáre. Háà, ńṣe ló rọra ti abọ́ náà sẹ́yìn! Kò lè wo ojú ìyá náà.

Síbẹ̀, ó tọ Elisha lọ. "Òṣìṣẹ́ inṣọ́ránsì ń bọ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo yọ ìṣó, wọn ò ní san nǹkan kan. Bá mi sọ pé o kàn án dáadáa."

Elisha gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò ní purọ́ yẹn. Ká tiẹ̀ ní wọ́n sanwó, ta ni yóò gba ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn kúrò lọ́rùn rẹ? Èmi náà ti jí pákó oníbàárà rí. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí mo fi jẹ́wọ́ fún Jésù, tó sì dárí jì mí. Lọ jẹ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!" Fádáre bínú lọ.

Nígbà tí ọkùnrin inṣọ́ránsì dé, ó ya fọ́tò, ó sì béèrè bóyá òrùlé náà dúró dáadáa kí ìjì tó dé. Kí Fádáre tó la ẹnu, Màmá Jésùtọ́pẹ́ ti jáde, tòun ti báńdéèjì lápá.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú rẹ̀. Òrùlé yẹn le dáadáa, ìjì ló lágbára. Ẹ jẹ́ kí n mú Bíbélì mi, kí n búra fún yín."

Ìyá náà kò mọ ohunkóhun nípa ìṣó. Ó fẹ́ fi Ọlọ́run búra èké láìmọ̀ nítorí Fádáre, ẹni tí Fádáre ṣe léṣe gan-an ló sì fẹ́ búra!

"Màmá, ẹ má búra!" Fádáre dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún. "Èmi ni mo yọ ìṣó. Èmi ni mo gé yín lápá. Jésù, gbà mí, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí!"

Ìyá náà jókòó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó sunkún pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Fádáre, ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n Jésù ti dárí jì mí rí. Dìde."

Inṣọ́ránsì kò san nǹkan kan. Abẹ́ tapólì ni Fádáre ń gbé báyìí. Òun ló ń pọnmi fún ìyá náà, ọwọ́ ọ̀hún kò sì tíì sàn. Àmọ́ ó ti di ọmọ Ọlọ́run.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ta ló ń jìyà ohun tí o ṣe, tí o sì dákẹ́? O mọ ẹni náà. Ọlọ́run náà mọ̀ ọ́n. Má sọ pé ó di ìgbà mìíràn, torí o ò mọ̀ bóyá wàá rí ìgbà mìíràn. Jésù kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o sọ ọ́ fún un. Bí o bá dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Ó lè sunkún, ó lè lé ọ jáde. Ṣáà lọ, lónìí.