Ọjọ́ Tí Òkun Wọ Ilé Ìyá Silifatou

Ọ̀rẹ́ mi, èèyàn lè máa ṣe oore lójoojúmọ́ kí ọkàn rẹ̀ sì jìnnà sí Ọlọ́run. Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Martine.

Ọmọ Ìgbòho ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí, Faransé ló sì fi kàwé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn aláìní ló ń ṣe ní Port-Bouët, àdúgbò etí òkun ní Abidjan, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní assistante sociale níbẹ̀. Ó mọ gbogbo ilé onípákó tó wà létí òkun. Bó bá ń kọjá, wọn a máa pè é ní àǹtí lédè Faransé, wọn a máa yìn ín pé, "Tantie, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìyìn náà di oúnjẹ fún un.

Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ṣùgbọ́n kò gbà rí pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni òun.

Lọ́dún 2007, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Micheline, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Abobo, àdúgbò mìíràn ní Abidjan, wá bá a. Ọ̀gbàrá ti gbé ilé lọ ní Abobo lójò ọdún náà.

"Martine, ojú ọjọ́ ti yí padà. Òjò wa kì í ṣe òjò àtijọ́ mọ́, òkun yín náà ń jẹ ilẹ̀ bọ̀. Apá ẹnì kan ò lè ká a. Jẹ́ ká kó orúkọ àwọn tí kò lè sá jọ, kí àwa ti Abobo, ẹ̀yin ti ìhín, àwọn apẹja àti àwọn ìyá mọ́sálásí lè mọ ilé tí a ó kọ́kọ́ sáré lọ."

Martine rẹ́rìn-ín. "Kí ẹ wá gba ògo iṣẹ́ mi? Ọdún mẹ́jọ ni mo ti mọ àwọn èèyàn yìí. Apá mi ká wọn."

"Ìgbéraga nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ọlọ́run kì í bá a rìn."

Martine yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò fún un ní orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn tó ti kọ sínú ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lọ́sàn-án gangan, òkun ru. Martine wà níbi ìpàdé kan ní Plateau, láàárín ìlú, ó ń ròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn àlejò, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Omi fọ́ ilé àkọ́kọ́, ó fọ́ ìkejì. Micheline àti àwọn mìíràn sáré dé, wọ́n ń gbé ọmọdé, wọ́n ń gbé arúgbó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìyá arọ kan ń bẹ lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Silifatou ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Kaoussarath, ti lọ sí ọjà Adjamé Roxy.

Nígbà tí Martine fi dé, wọ́n ti tẹ́ ìyá náà sórí iyanrìn, wọ́n ti fi ìró bò ó.

Kaoussarath ti dé láti ọjà. Ó ní, "Tantie, ẹ kọ orúkọ màmá mi. Ojú mi lẹ ṣe kọ ọ́. Ta lẹ fi hàn?"



Fún ọjọ́ mẹ́fà, Martine ò fẹnu kan oúnjẹ. Micheline wá jókòó tì í.

"Má wulẹ̀ sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi," ni Martine wí.

"Ẹ̀bi rẹ ni. Torí irú rẹ̀ ni Jésù ṣe kú. Gbé e tọ̀ ọ́ lọ."

Martine dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Gbogbo iṣẹ́ rere tó ti ń kà fún Ọlọ́run tán lẹ́nu rẹ̀. "Jésù, mo jí ògo rẹ, ìyá kan sì bá a lọ. Ṣàánú mi." Ó sunkún títí, àlàáfíà tí kò mọ̀ rí sì ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kaoussarath. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Títí di òní kò tíì dá a lóhùn. Martine kò bínú. Ó ní ó tọ́ sí òun.

Ṣùgbọ́n ó kó gbogbo orúkọ ọwọ́ rẹ̀ fún Micheline. Àwọn apẹja ń kìlọ̀ bí òkun bá fẹ́ ru, àwọn ìyá mọ́sálásí pín àwọn arúgbó láàárín ara wọn láti máa bójú tó wọn, àwọn ará Abobo sì ṣílẹ̀kùn ilé wọn fún àwọn tó ń sá. Nígbà tí omi tún dé lọ́dún kejì, ó kó ilé mọ́kànlá, kò rí ẹnì kan gbé. Inú àwọn èèyàn dùn. Martine dúró láàárín wọn, ó ń sunkún Silifatou.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kì í mutí, o kì í jalè. Bóyá ìwọ náà ń ṣe oore, o sì ń fi ògo rẹ̀ sápò ara rẹ. Ta ni ìgbéraga rẹ ń pa lára báyìí? Martine ráàyè ronú pìwà dà. Silifatou ò ráàyè dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Plateau. Má sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o wà yìí, kúnlẹ̀, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù. Ó ń gbọ́.