Ìbọn Tí Kò Dún

"Jẹ́ kí n wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan. Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ lásán náà ló máa pa àǹtí ẹ lára?"

Ọmọ́bọ́láńlé ló ń bẹ Hikmat báyìí lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn, ní àkókò ìsinmi. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni fíìmù tó ń tọrọ wà. Hikmat rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì wọn ti ń fi ẹ̀bẹ̀ yìí dà á láàmú, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ta ni inú rẹ̀ kò ní í dùn? Safiyat, àbúrò bàbá Hikmat, tí Hikmat ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọ̀fà, ló ṣe *Ẹ̀ṣọ́ Afárá*, fíìmù ogun tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàn ṣọ́jà méje ni, tí wọ́n dúró lórí afárá kan láti dá àwọn agbébọn dúró kí àwọn ará abúlé lè ráyè sá kọjá. Obìnrin kúkúrú báyìí ni Safiyat, ohùn rẹ̀ nìkan ló ga. Nígbà tó kọ́kọ́ ní òun fẹ́ ṣe fíìmù ṣọ́jà, wọ́n ní kó lọ ṣe ti orogún méjì tó ń jà, pé ìyẹn ló bá obìnrin mu. Ti ṣọ́jà yẹn náà ló ṣe. Ó kó àwọn ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀, ó ní kí wọ́n máa rá kòrò pẹ̀lú ìbọn léjìká, wọ́n sì rá kòrò. Nígbà tí fíìmù náà dé ilé sinimá ní Ìlọrin, èrò pọ̀ débi pé wọ́n ní láti ṣí gbọ̀ngàn kejì fún un. Bákan náà ló rí ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, iṣẹ́ náà jọni lójú.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà kò rí ọ̀nà lọ sí Ìlọrin torí fíìmù. Wọ́n ń dúró de ìgbà tí yóò jáde lórí àwo. Alhaji Àjàní, tó ní ilé ìtajà fíìmù lọ́nà ibùdókọ̀ ojú irin, ti gbà láti tẹ àwo náà, kó sì máa kó o káàkiri Kwara àti Ọ̀ṣun, fún àwọn onígbàjámọ̀, àwọn aránṣọ, àti àwọn bọ́ọ̀sì tó ń rin ọ̀nà jíjìn. Owó tí wọ́n rí ní sinimá ti tán sórí gbèsè tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Títà àwo ló máa sọ bóyá Safiyat á lè ṣe fíìmù kejì, Hikmat sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

"Wò ó," Bọ́láńlé tún sọ, "ọmọ Ọ̀fà ló ṣe é. Ará Èkó ti wò ó. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kan wà ní ilé lẹ́sìnnì wa tó ti wò ó ní Ìlọrin, ó sì ń fi fọ́nnu sí wa. Àwa tá a ni ín gan-an ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú Hikmat. Safiyat wà ní Èkó lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́ wà ní pálọ̀. Nígbà tí Hikmat dé láti ilé ìwé, ó ṣí i, ó rí fíìmù náà níbẹ̀, ó sì dà á sórí mẹ́mọ́rì káàdì kan. Kò tiẹ̀ dúró wo inú rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé bá a nídìí rẹ̀.

"Ìwọ nìkan o," ó sọ fún Bọ́láńlé.

"Wàláhì," Bọ́láńlé dáhùn. Ọmọ tíṣà Áńgílíkà ni, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, ìbúra Mùsùlùmí ló máa ń lò.

Bọ́láńlé kò fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kò fún ẹnikẹ́ni, àfi Taofeek. Taofeek yìí ló ní ìsọ̀ kékeré nítòsí Pólì, níbi tó ti máa ń da orin àti fíìmù sórí fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà pé, "FÍÌMÙ ỌMỌ WA TI DÉ!" Ó tún ní ti ọmọ ìlú òun, òun kò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó gbà á ló tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, sí ará Ilemona, sí àwọn ọmọ Ọ̀fà tó wà ní Kánò àti ní Jọ́ọ̀sì: "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wa!" Ìfẹ́ ìlú ni wọ́n ń ṣe, lójú tiwọn.

Ìgbà tí wọ́n wá jókòó tì í láti wò ó ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dà tí Hikmat dà kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé lọ sí sinimá. Ẹ̀dà àtijọ́ ni, èyí tí Gbádé, ọkùnrin tó ń ṣe ohùn sínú fíìmù, kò tíì fọwọ́ kàn. Kò sí orin níbẹ̀, ìbọn kò sì dún. Ṣọ́jà á na ìbọn, á máa gbọ̀n jìgìjìgì, kẹ́kẹ́ pa! Ohùn kan ṣoṣo tó ròkè níbẹ̀ ni ti Safiyat tó ń pàṣẹ láti ẹ̀yìn kámẹ́rà pé kí àwọn òṣèré ṣubú. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, gbogbo ọmọ ilé ìwé ti ń na ìka sí ara wọn, wọ́n ń pariwo "Ṣubú!", ẹni tí wọ́n na ìka sí á sì wó lulẹ̀. Hikmat kò lè jẹun ọ̀sán mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ ni Safiyat dé. Hikmat lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, wọ́n sì jọ wọ kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ń wo fóònù, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n.

"Kí lò ń wò?" oníkẹ̀kẹ́ bi í.

"Fíìmù Safiyat náà ni. Wọ́n ń yìnbọn, ìbọn ò dún. Wò ó bó ṣe ń mi apá bí ẹni tó ń fọ aṣọ! Dúró, wọ́n ti fẹ́ pa ìkan."

Ohùn Safiyat jáde ketekete láti inú fóònù náà: "Ìwọ tó wà lápá òsì, ṣubú! Mo ní kí o ṣubú!" Òṣèré náà sì wẹ̀yìn, ó ní, "Èmi?" kó tó rọra dùbúlẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí oníkẹ̀kẹ́ wa kẹ̀kẹ́ wọ gọ́tà nítorí ẹ̀rín. Safiyat fa híjáàbù rẹ̀ síwájú, ó sì di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà títí wọ́n fi délé. Ojú ti Hikmat débi pé ó ń wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Bí wọ́n ṣe wọlé, Safiyat kò tiẹ̀ bọ́ bàtà kó tó fi fóònù pe Gbádé ní Èkó. "Gbádé, ẹ̀dà yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi èmi àtìwọ. Má búra fún mi. Mi ò ní í bá ẹ ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì bi mí nípa ẹ, màá sọ ohun tí o ṣe fún un."

Hikmat dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń gbọ́. Ó mọ Gbádé. Ọ̀dọ̀ wọn ló dé sí nígbà tó wá ṣe lára ohùn fíìmù náà. Ó kọ́ Hikmat bí wọ́n ṣe ń da ẹ̀wà sórí tíréè kó lè dún bí òjò, ó sì ń pè é ní igbákejì òun. Bí Hikmat bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bọ́láńlé kò ní í sọ, Taofeek kò sì mọ ibi tó ti wá. Gbádé nìkan ni iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Hikmat wọ pálọ̀, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa fóònù. Kì í ṣe Bọ̀dá Gbádé. Èmi ni."

Safiyat wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Gbádé," ó sọ sínú fóònù, "forí jì mí. Màá pè ẹ́ padà." Lẹ́yìn náà ló jókòó. "Ta lo fún?"

"Bọ́láńlé nìkan ni, mà."

"Bọ́láńlé nìkan! Kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń yìn yín ní ilé ìwé. Orí mi ń wú. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i."

Safiyat kò nà án. Ì bá tiẹ̀ sàn lójú Hikmat ká ní ó nà án. Ohun tó sọ ni pé, "Lọ́la, tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ Alhaji. Ìwọ lo máa sọ ọ́ fún wọn, kì í ṣe èmi."

Alhaji Àjàní ti gbọ́ kí wọ́n tó dé. Ó jẹ́ kí Hikmat ka gbogbo ẹjọ́ náà tán lórí ìkúnlẹ̀, ó ní kó dìde, ó sì yíjú sí Safiyat. "Ọmọ náà gbìyànjú tó sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù tó ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn, tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ta ni kí n tà á fún?"

"Alhaji, ẹ má tíì sọ pé rárá," Safiyat wí. "Màá gbé ojúlówó rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá jókòó. Bí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín, ẹ máa lọ, mi ò ní í bínú."

"Ta ló máa wá?"

"Hikmat ló máa lọ pè wọ́n."

Ìsọ̀ Taofeek ni Hikmat kọ́kọ́ lọ. Taofeek ká ọwọ́ lórí. "Yéè! Mo ṣebí mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni! Mi ò gba kọ́bọ̀ o!" Lójú ẹsẹ̀, ó pa ohun tó kọ sára pátákó rẹ̀ rẹ́, ó kọ ọ́ pé èyí tí wọ́n wò kì í ṣe ojúlówó fíìmù náà, kí wọ́n wá sí gbọ̀ngàn. Bọ́láńlé náà tẹ̀ lé Hikmat, àwọn méjèèjì sì rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n dé gáréèjì, wọ́n dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń kóra jọ sí. "Ṣubú!" ni ọ̀pọ̀ fi ń dá wọn lóhùn. Wọ́n gbà á mọ́ra, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Gbọ̀ngàn náà kún lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín jẹ, ẹ̀rín ni ìdajì wọn bá wá. Hikmat dúró níwájú wọn, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ kú ìjókòó o. Èyí tí ẹ wò lórí fóònù, iṣẹ́ tí kò tíì parí ni. Èmi ni mo jí i láti inú láptọ́ọ̀pù àǹtí mi. Wọn kò mọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí tí wọ́n ṣe tán."

Wọ́n fa kọ́tìnnì, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá nìkan ni wọ́n ń gbọ́, àti ọ̀pọ̀lọ́ kan, àti ṣọ́jà kékeré kan tó ń mí gúlegúle. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ti la ẹnu láti pariwo "Ṣubú!" nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún. Ó ku gìrì! Ìlàjì gbọ̀ngàn fò dìde, Alhaja kan di fìlà ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ mú, kò sì rántí dá a padà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ará abúlé ń sá kọjá, àwọn ṣọ́jà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ṣọ́jà kékeré yẹn nìkan. Ìyá àgbàlagbà kan ṣì wà ní òdìkejì tí kò lè sáré. Ṣọ́jà náà lọ pọ̀n ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, tí ọta ìbọn ń fò, àwọn èèyàn inú gbọ̀ngàn ń sọ pé, "Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀!" bí ẹni pé ó lè gbọ́ wọn. Nígbà tó parí, gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Alhaji Àjàní fi ọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ló kó sí òun lójú.

Ó tẹ àwo náà. Àwo tà wàràwàrà ní Ìlọrin, ní Òṣogbo àti ní Ìkìrun, ó sì tún un tẹ̀. Àwọn awakọ̀ ní àwọn èrò ọkọ̀ kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bí fíìmù náà kò bá tíì parí. Safiyat bẹ̀rẹ̀ sí í múra fíìmù kejì, ó sì ní kí Gbádé tún wá ṣe ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìlú tí wọ́n gbé *Ẹ̀ṣọ́ Afárá* dé, Ọ̀fà ló ti tà kéré jù. Wọ́n ti wò ó lórí fóònù, wọ́n ti wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn, kí ni wọ́n tún fẹ́ rà? Wọ́n ń kí Safiyat lójú pópó, wọ́n ń yìn ín, wọ́n sì ń kọjá lọ níwájú ìsọ̀ Alhaji.

Lọ́jọ́ kan, Hikmat bi í léèrè pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí wa?"

"Rárá," Safiyat dáhùn. "Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi. Ẹ fẹ́ràn mi débi pé ẹ ti pín oúnjẹ mi jẹ tán kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ó ti wá yé Hikmat pé bí a bá fẹ́ràn iṣẹ́ ẹnì kan, ó yẹ kí á ní sùúrù dè é, kí á sì fowó rà á, nítorí pé ohun tí a kó pín láìgbàṣẹ, bó ti wù kí ìfẹ́ tó wà ńbẹ̀ pọ̀ tó, olè ni a jà.