Ẹ́ńjìnnì Tí Kì Í Dá Nìkan Wà

Bí Nùrẹ́nì awakọ̀ bá jókòó sídìí lọ́rì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà á máa dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì kú. Yẹ̀kínì, makánìkì tó ń ṣe é ní Ṣógúnlé, kò tíì rí irú èyí rí.

Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ẹ́ńjìnnì yìí lára lọ́rì kan tí wọ́n pa tì ní Ìsọlọ̀, tó gbé e sínú ti Nùrẹ́nì, tó sì fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò pé kò sí irú rẹ̀. Ó fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó yí síkúrú tó ń bu epo fún un sọ́tùn-ún sósì. Pàbó ló já sí. Àwọn makánìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, inú sì ń bí i burúkú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró lójijì lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ mi nìyẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo mọ bó ṣe ń wúkọ́."

Ìyá Bánkẹ́ lorúkọ rẹ̀, opó awakọ̀ tó ni lọ́rì Ìsọlọ̀ náà. Yẹ̀kínì gbé àpótí fún un.

"Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ lọ ra orógbó lọ́jọ́ kan, kò pa ọkọ̀. Ọkọ̀ rìn fúnra ẹ̀. Bánkẹ́, ọmọ mi tí wọ́n fi ń pè mí, ló wà níwájú ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Lọ́jọ́ náà ni ọkọ mi fi ahọ́n kan irin yẹn, tó búra pé ẹ́ńjìnnì náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí èèyàn lórí ìjókòó. Kò tú ìbúra náà títí tó fi kú. Ẹ bá mi bu omi tútù sí i, kẹ́ ẹ pe orúkọ ọmọ náà, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́."

"A ti gbọ́, ìyá," ni Yẹ̀kínì wí.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Nùrẹ́nì sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣe é."

"Omi tútù lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná? Ṣé o fẹ́ kó là ni?"

Ó mú sukudíráfà, ó sì yí síkúrú náà ju bó ti yẹ lọ. Nùrẹ́nì sítáàtì ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀. Ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó gbéra sọ, ó sì ń dún lọ geere.

Yẹ̀kínì bú sẹ́rìn-ín. "Ṣó o rí i?"

Nùrẹ́nì kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n," ó rọra wí, "ẹ wo ìjókòó yẹn."

Awọ ìjókòó náà ti tẹ̀ wọlé, bí ìgbà tí èèyàn tó sanra bá jókòó lé e. Òórùn orógbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde. Ẹ̀rù ba Yẹ̀kínì dé eegun. Ojú rẹ̀ ni ìtọ́kọ̀ ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀, ó sì wo ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí. Àgbékẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ń bọ̀ láti ilé kéú, tó gbé wàláà rẹ̀ mọ́ abíyá.

Ó sáré sí i. Lọ́rì fo òkúta tí wọ́n fi há táyà, ó sì ń lọ. Ìgbà tó kọlu ògiri ni ẹ́ńjìnnì tó kú.

Wàláà náà ti rún wómúwómú lábẹ́ táyà. Yẹ̀kínì ń wá ọmọ rẹ̀ kiri, ó ń sunkún, kó tó rí Àgbékẹ́ tó jókòó sétí gọ́tà lódìkejì, láìfarapa, tó ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ta ló gbé ọ débí?"

"Àǹtí kékeré kan ló fà mí. Ó ní Bánkẹ́ lòún ń jẹ́." Ọmọ náà wo lọ́rì lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní bí mo bá ti rí bàbá òun nínú ọkọ̀, kí n máa sá."