Èyí Tí Kì Í Kánjú

Màmá ti wẹ̀ kí n tó délé. Wọ́n jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìpara ń dán lápá wọn, wọ́n ti ya irun wọn, aṣọ ìnura sì ń kán tótó lórí okùn. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n èmi àti àwọn nìkan là ń gbé yàrá wa, àti pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá òsì ara wọn, Màmá kò lè dá ìdí gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ká má tíì sọ pé wọ́n á dá wẹ̀.

"Màmá, ta ló wẹ̀ fún yín?"

Wọ́n wò mí bí ìgbà téèyàn ń wo ọmọ tó ń ṣeré àṣejù. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu wọn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́, bí ẹni ń yọ eegun ẹja.

"Ìwọ náà... ni."

Mo ní àìsàn yìí ti ń dé ọpọlọ nìyẹn. Mo jáde sọ́dọ̀ ìyá alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ẹnì kan tó wọlé. Wọn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń lọ̀.

"Irú àwàdà wo lèyí? Ṣebí ìwọ lo kọjá níbí lẹ́ẹ̀kan. Mo kí ẹ, o kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, o ò dáhùn."

Aránṣọ ni mí. Aṣọ ilé ìwé là ń rán ní ṣọ́ọ̀bù wa. Kí n tó jáde láàárọ̀, mo ti yí Màmá padà kí ẹ̀yìn wọn má baà dá egbò, mo ti pààrọ̀ aṣọ ìdí wọn, mo ti fi ṣíbí bọ́ wọn, mo ti fún wọn lóògùn. Màá sáré lọ ṣíṣẹ́. Tó bá di ọ̀sán, màá sáré padà wá wẹ̀ fún wọn, màá tún sáré lọ. Bí mo bá ń bọ́ wọn, ojú mi wà lára aago. Bí mo bá ń ránṣọ, ọkàn mi wà nílé. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tó pa òwe yẹn kò bi ọmọ òkété bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, tó ń tún fíríìjì ṣe ní ìhà kejì ìlú. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá. Á gbé ọsàn sílẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń gbìyànjú o," á sì máa lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ wíwẹ̀ yẹn, nǹkan kò dáwọ́ dúró. Mo délé, mo bá a pé wọ́n ti gé èékánná Màmá. Mo délé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti di tuntun, wọ́n sì ti ká a bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí èmi gan-an ṣe máa ń ká a. Ohunkóhun kò sọnù. Ohunkóhun kò bàjẹ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹnìkejì mi ní ṣọ́ọ̀bù, tá à ń pè ní Onígíláàsì nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò, ló kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, oorun ẹ yìí ò yé mi. Kó o tó lọ sílé lọ́sàn-án, wàá gbórí lé máṣíìnì, wàá sùn fọnfọn. Àmọ́ ọwọ́ ẹ kì í sùn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni ń fọ ẹ̀yìn èèyàn."

Mo wo ọwọ́ mi. Orí ìka mi ti hunjọ, bí ọwọ́ ẹni tó ti pẹ́ nínú omi. Mo gbé e sí imú. Òórùn ọṣẹ Màmá ni.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Màmá, ẹni tó ń wá yẹn, kí ló máa ń ṣe?"

Ojú wọn tàn. "Ó ń kọrin. Ó ń gbọ́... ìtàn mi. Ìyẹn... kì í kánjú."

Mo yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí omijé mi. Ẹ má bi mí bóyá ẹ̀rù ni tàbí owú.

Ọ̀sán kan ni oníbàárà wá gba aṣọ, ni Onígíláàsì bá gbá mi léjìká gbì pé kí n jí. Bí mo ṣe ta gìrì, ó dà bíi pé ẹrù wúwo kan já bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò wọ bàtà. Mo sáré délé. Màmá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ara wọn kún fún ọṣẹ, ètè wọn ti bẹ́, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì sì ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò bínú. Wọ́n fi ọwọ́ tó dára pa mí lórí.

"Mo wà lọ́wọ́ ẹ," ni wọ́n wí. "Mo bá rí i pé... ọwọ́ ò sí mọ́."

Mo fóònù àbúrò mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dìgbà tí ẹ bá pín ara yín sí méjì kí n tó mọ̀ pé ọmọ Màmá lèmi náà? Mò ń bọ̀."

Ó dé tòun ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ ìdí tó kọ́kọ́ so fún Màmá le dan-in bí ẹrù tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, Màmá sì fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ́ ọ. Òun ló ń wẹ̀ fún wọn lọ́sàn-án. Èmi náà wá ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi bí èèyàn. N kò sùn lórí máṣíìnì mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tún rí mi níbi tí n kò lọ.

A wà bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá. Lọ́jọ́ kan Màmá wò mí pẹ́. "Èkejì ẹ... ńkọ́? Ó ti pẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo pinnu lọ́kàn mi pé èmi fúnra mi ni màá jókòó tì wọ́n.

Ni mo ṣe wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú. Àbúrò mi ń tú fáànù palẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ Màmá lé itan, mo ń fi ìpara ra á, mo ń kọrin tí wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún ní kékeré. Mo bi wọ́n nípa ìgbà ọmọge wọn. Wọ́n sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ò há mọ́ wọn lẹ́nu. N kò mọ̀ pé ayọ̀ lè rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Fóònù àbúrò mi dún. Ohùn Onígíláàsì le débi tí gbogbo wa fi gbọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù o! Ẹ̀gbọ́n yín ti sùn lórí máṣíìnì, mo pè é pè é, kò dáhùn. Mo fẹ́ da omi sí i lára."

Àbúrò mi wò mí. Mo gbìyànjú láti rántí ọ̀nà tí mo gbà wálé. N kò rántí.

Màmá na ọwọ́ wọn tó dára, wọ́n dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú ṣinṣin.

"Sọ fún un," ni wọ́n wí fún àbúrò mi, ọ̀rọ̀ náà sì já gaara lẹ́nu wọn. "Kó má jí i. Ó ku ẹsẹ̀ kan."